Bí A Bá Ń Darí Bọ̀, A Ó Yà

Nílé ọkọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni kò ní ìdáríjì. O lè mutí, o lè ṣépè, o lè fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ kí o má bọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á bá ọ wá àwáwí. Ṣùgbọ́n kí o kọjá níwájú ilé ẹbí láì yà kí wọn, o ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ ni wọ́n á máa fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti rí ọkùnrin kan nínú ìdílé náà tí iná ń jó ilé rẹ̀, tó ń sáré lọ pọnmi, tó sì dúró kí àbúrò bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó béèrè ewúrẹ́. Ilé náà jó tán, àmọ́ gbogbo ẹbí ló yìn ín.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé yẹn. Kétu ni wọ́n ti bí mi, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé orí la fi ń ru omi, a kì í wọkọ̀ lórí ẹ̀. Kútọnu ni wọ́n gbé mi wá fún ọkọ, nígbà tí reluwé kò tíì gba orí ọ̀sà kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni tolówó tòtòṣì ń wọ̀. Mo ti darúgbó báyìí. Gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ni mo ti kúnlẹ̀ kí tán, tí mo sì ti sunkún wọn tán. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ má retí orúkọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Àwọn Faransé ń kọ́lé ní Gàbọ́ń nígbà náà, wọ́n sì ń wá káfíńtà láti Dahomey, nítorí pé àwa ará Dahomey, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, a gbọ́n, a sì ń gbọ́ràn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, mo fi sílẹ̀ fún yín. Wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi mọ́ àwọn tó ń lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun máa dé lọ́jọ́ Ẹtì, á kó ẹrù, á sì lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìgbà tó máa padà, ẹnì kankan ò sọ. Nínú àwọn tó ti lọ ṣáájú, àwọn kan ti dé, àwọn kan ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀, àwọn yòókù dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi béèrè kó tó wọkọ̀. Ó ní kí ìyá òun wá gbé ọwọ́ lé òun lórí. Àjàṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, opó ni, ọkọ mi nìkan ló sì kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Nílé wọn, ọmọ tó bá ń lọ sí ìrìn àjò tó jìn, ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, á sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí i. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Ìyá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orí ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ mi ì bá lọ bá a fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Faransé ti ní kí àwọn tó ń lọ má kúrò ní Kútọnu títí dókítà á fi yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́bọ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ lọ mú ìyá wá.

Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti dìde. Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Ó ti ṣe ògbifọ̀ fún kọ̀máńdà kan rí, fún ìgbà díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ń rán wa létí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní ìrìn àjò ojú omi gba ẹni tó mọ ayé, òun lòun máa lọ. Ó ní kí ìyàwó tẹ̀lé òun kó lè ru ẹrù ìyá. Ìyàwó yẹn ni èmi. Mi ò tíì pé ọdún nílé wọn, ọkọ mi ń lọ sí ibi tí mi ò mọ̀, ohun tí wọ́n sì rò pé ó yẹ kí n fi ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún wa ṣe ni kí n lọ ru ẹrù. Wọ́n bi mí léèrè ni? Ta ló ń bi ìyàwó léèrè? Mo ní ó dáa, Bàbá, mo sì wọlé lọ di ìró mi, mo bú wọn kúnnú.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkọ mi sìn wá dé èbúté. Kò lè bá mi sọ̀rọ̀ lójú Bàbá Àgbà, ìyẹn náà kò bójú mu nílé wọn. Ó gbé ẹrù mi sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbọn omi dànù, ó wá sọ ọ́ sí mi létí pé, "Tètè dé."

Ọ̀nà náà kò díjú. Ẹ ó gba orí ọ̀sà, ẹ ó wọ ojú omi tóóró kan láàárín koríko, ẹ ó tún bọ́ sórí ọ̀sà kejì, ẹ ti dé Àjàṣẹ́. Atukọ̀ wa jẹ́ Ègùn, ó fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá nígbà tó bá wù ú nìkan. Èmi ọmọ Kétu, mo di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé bí mo bá kú sómi, ta ló máa ru ẹrù wọn.

Ní Aguégué, níbi tí ilé wà lórí òpó láàárín omi, ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà kan jáde síta. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni, wọ́n sì ti di ẹbí. Ó ní kí a yà. Mo rò pé a ti há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó dìde, ó gbé agbòòrùn sókè, ó ké sí i pé, "Iṣẹ́ kánjúkánjú ni. Bí a bá ń darí bọ̀, a ó yà!" Inú mi dùn. Mo ní bàbá yìí mà mọ ohun tó ń ṣe. Lóòótọ́, ó ní kí atukọ̀ dá ọ̀pá dúró kí òun lè kí ọ̀rẹ́ òun tán, omi sì gbé wa padà sẹ́yìn bí wọ́n ti ń béèrè ara ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ a ò yà.

Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ará, èyí tó jẹ́ àna, èyí tó jẹ́ pé bàbá wọn jọ ra ẹṣin pọ̀ nígbà kan, ó ń ké sí gbogbo wọn pé bí a bá ń darí bọ̀, a ó yà. A pàdé ọkọ̀ àwọn obìnrin kan tó ń lọ ná ọjà ní Kútọnu, kí wọ́n tó kọjá sí Calavi níbi tí wọ́n ń gbé. Àbúrò Bàbá Àgbà lóbìnrin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, wà ní Calavi. Calavi kò sí lójú ọ̀nà wa o. Àjàṣẹ́ wà ní ìlà oòrùn, Calavi wà ní ìwọ̀ oòrùn, ẹni tó bá fẹ́ ya Calavi bó ti ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀ wá sí Kútọnu, ó fẹ́ rìn ni. Bàbá Àgbà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nípasẹ̀ àwọn obìnrin yẹn pé bí a bá ń darí bọ̀, a ó yà. Ojú mi ò tíì là nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ilé tí a kọjá lọ́jọ́ náà ló lọ ń wá ẹja àti igi ìdáná.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó dé Àjàṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ pé a ń bọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo jí, mo rí i tó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ìró. Mo ní kí n bá a di nǹkan tó kù, ó ní òun ti fi ọwọ́ òsì dì í. Mo bi í bóyá ọwọ́ ọ̀tún ń dùn ún ni. Ó wò mí, ó ní, "Ọwọ́ yìí ń lọ síbì kan." Látìgbà tí iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kò ti fi ọwọ́ náà gbálẹ̀, kò fi lu ọmọ, kò fi jẹun. Ó ń tọ́jú ẹ̀ fún orí ọmọ rẹ̀.

A ti ṣe tán nìyẹn. Bí a bá gbéra nígbà náà, a ti dé Kútọnu kó tó di alẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà jẹun òwúrọ̀, ó nu ẹnu, ó ní kò ní dáa kí èmi ọmọ Kétu dé ìlú ńlá ìgbàanì bí Àjàṣẹ́ kí n má mọ ìtàn ibẹ̀. Ó ní kí ìyá ọkọ mi náà bá wa ká lọ, ìtàn kì í pọ̀ jù. Ó ń pe ìyá ọkọ mi ní ìyàwó, ó ń pe èmi náà ní ìyàwó, bó bá ti pè, àwa méjèèjì là ń dáhùn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Ó mú wa lọ sí iwájú ààfin, ó sọ fún wa bí ọba kan ṣe gba òyìnbó lálejò níbẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni pé òun ló tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó mú wa lọ wo ilé Gómìnà láti òkèèrè, nítorí pé àwọn sójà kò jẹ́ ká súnmọ́ ọn, ó wá ní láti òkèèrè yẹn gan-an ló ti ń hàn dáadáa jù. Ó mú wa lọ sí ibi tí àwọn Àgùdà ti ń kọ́ mọ́sálásí. Ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wọn tó ti Brazil dé, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Mọ́sálásí náà ń jáde bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe máàsì, ilé ìṣọ́ gogoro lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Bàbá Àgbà ní bí mọ́sálásí ṣe máa ń rí ní Mẹ́kà nìyẹn. Kò tíì dé Mẹ́kà rí, àwa náà ò tíì dé ibẹ̀, nítorí náà a gbà.

Ní iwájú ààfin yẹn, ó yíjú sí ìyá ọkọ mi, ó ní, "Ìyàwó, ǹjẹ́ o mọ ibí yìí?"

Ìyá ọkọ mi ti ń ta ọṣẹ níwájú ààfin náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Rárá, Bàbá."

Mo fi etí ìró bo ẹnu mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìró ní gbogbo ìgbà tí a fi ń rìn nínú oòrùn, Ọjọ́bọ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún ti jókòó lórí ẹrù. Bàbá Àgbà ní Mùsùlùmí wo ló máa kúrò nírú ìlú báyìí lọ́jọ́ Jímọ̀ láì kírun. Ìyá ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n kírun, ó kí àwọn tó kírun, ó kí àwọn tí kò rí àyè kírun. A gbéra nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un láti orí ìkúnlẹ̀ pé ọ̀la lọkọ̀ òkun ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́. Ó ní òun bá òyìnbó ṣiṣẹ́, òun mọ̀ wọ́n, ọkọ̀ wọn kì í lọ lásìkò tí wọ́n bá dá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo gbé e mì.

Ní Aguégué, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dúró látàárọ̀ àná. Àbí kí ni ẹ rò? A ti ṣèlérí. Wọ́n gbé akàsà, ẹ̀kọ tiwọn, kalẹ̀, wọ́n gbé ẹja yíyan, wọ́n gbé ẹja díndín, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí baálé, mo kúnlẹ̀ kí àwọn ìyàwó rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí arúgbó kan nínú yàrá tí kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pákó ni, eékún mi mọ pákó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìyá ọkọ mi ò na ọwọ́ sí oúnjẹ, tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bù ú sí i lẹ́nu, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ìyálé ilé náà bi mí pé ìgbà wo lapá ti rọ ìyá. Wọ́n wá gbé òrí wá láti fi wọ́ ọ lápá. Ìyá ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì tún rọra ti ọwọ́ náà wọlé sínú ìró.

A sùn síbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé a ò ní sùn, wọ́n ti tẹ́ ẹní.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìdájí, a wọkọ̀. Mo rò pé ó tán. Atukọ̀ kọjú ọkọ̀ sí Kútọnu. Bàbá Àgbà fi agbòòrùn kan án léjìká, ó ní, "Calavi." Àní ọkùnrin Ègùn yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀, yíjú padà wò ó. Ó ní Calavi kẹ̀? Bàbá Àgbà ní òun ti ránṣẹ́ sí àbúrò òun, àbúrò òun á ti dáná, ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé òun parọ́ fún ọmọ bàbá òun? Mo wo ìyá ọkọ mi. Ojú rẹ̀ wà lápá Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́ kó tó lè bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn? Mi ò rò pé ọjọ́ orí yẹn wà nílé wọn.

A gba ẹ̀gbẹ́ Ganvié kọjá. Ìlú orí omi ni ìyẹn náà, ó tóbi ju Aguégué lọ. Bàbá Àgbà sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ó ní àwọn bàbá ńlá wọn ló sá wọ orí omi nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Dahomey ń kó ènìyàn lẹ́rú, tó jẹ́ pé èèwọ̀ ni kí àwọn ọmọ ogun yẹn wọ omi lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí ọgbọ́n ti dára, ìyàwó?" A ní ó dára, Bàbá. Ní tèmi, mò ń rò ó pé àwọn ará Ganvié ṣoríire, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn sá.

Ní Calavi, àbúrò Bàbá Àgbà wà ní èbúté fúnra rẹ̀. Obìnrin tó sanra, tó lójú àánú. Ó mú wa délé, mo kúnlẹ̀, ó tẹ́ ẹní.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jókòó, mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ fún yín. Ọmọ yín wà níbí lánàá."

Mo ní ọmọ wo?

Ó ní, "Ọkọ rẹ kẹ̀. Dókítà ti dá wọn sílẹ̀, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin ọlọ́jà pé ẹ máa yà síbí. Ó ní òun mọ Bàbá, Bàbá ò ní kọjá Calavi. Èbúté yẹn ló jókòó sí látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdájí òní ló lọ, ó ní bí òun ò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ, wọ́n á ti òun mọ́lé."

Ó mí kanlẹ̀, ó gbọn ẹní. "Ó ní bí ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé kí ẹ má jókòó. Ẹ jókòó o, oúnjẹ ń bọ̀."

Bàbá Àgbà jókòó.

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi. Èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi ni mo kéré jù. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ó yí padà lórí ìdúró, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọwọ́ yìí ń lọ síbì kan," ó sì ń lọ. Nílé ọkọ mi, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn títí dòní, bí ìyàwó ṣe kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níwájú oúnjẹ. Èmi náà dìde, mo sáré tẹ̀lé e, mo bá a tó ti jókòó sínú ọkọ̀, tó dojú kọ omi. A dúró de Bàbá Àgbà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé, ó ń lá ìka. Ó ní òun kàn tọ́ ọ wò ni kí inú àbúrò òun má bàa bàjẹ́. Mo rí ẹyin ẹja lára irùngbọ̀n rẹ̀, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Atẹ́gùn kọjú sí wa ní gbogbo ọ̀nà. Atukọ̀ ti ọkọ̀, ó ti í, òógùn bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń fi ọwọ́ òsì wa omi pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn lè ṣe nǹkan kan. Èmi tí mò ń bẹ̀rù omi, mo jọ̀wọ́ etí ọkọ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wa omi. Bàbá Àgbà ṣí agbòòrùn rẹ̀ nítorí oòrùn, agbòòrùn náà sì ń bá atẹ́gùn tì wá padà, títí atukọ̀ fi sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara pé kó pa á dé.

Láti èbúté, a sáré gba inú ìlú lọ sétí òkun. Ẹ ti rí wáfù tó wà ní Kútọnu láyé ìgbà náà, àbí ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Afárá onírin gígùn kan ni, ó wọ inú òkun lọ, ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ tó ń fi apẹ̀rẹ̀ sọ èèyàn kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ kékeré á wá gbé wọn lọ bá ọkọ̀ ńlá tó dúró lókèèrè. Wọ́n ti sọ ọkọ mi kalẹ̀. Wọ́n ti ti ẹnu wáfù. Gáàdì tó wà níbẹ̀ ní gbogbo àwọn tó ń lọ sí Gàbọ́ń ti wọkọ̀, ó ní iṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi pẹ́. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ń wẹ̀yìn ṣáá nínú apẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi.

Ọkọ̀ ńlá náà wà níbẹ̀, a ń rí i. A rí èéfín rẹ̀, a rí àwọn èèyàn bí èèrà lórí rẹ̀, a ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa. A dúró. A retí kó gbéra, kò gbéra. Wọ́n ń kó ẹ̀kùrọ́ sínú rẹ̀. Oòrùn yẹ̀, kò gbéra. Bàbá Àgbà dé, ó ń mí gúlegúle, ó wo òkun, ojú rẹ̀ tàn.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Ọkọ̀ òyìnbó kì í lọ lásìkò."

Òótọ́ ló sọ. Ìrọ̀lẹ́ lọkọ̀ náà tó lọ, àwa sì dúró tí a ń wò ó ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Títí Bàbá Àgbà fi kú ló fi ń sọ ìtàn náà fún àlejò, bí òun ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ ò ní tètè lọ.

Nígbà tí a ò rí èéfín mọ́, ìyá ọkọ mi yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò nínú ìró. Ó ti funfun díẹ̀, ó hunjọ, bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ pẹ́. Ó wò ó. Ó ní kí n kúnlẹ̀. Èmi tí mo ti kúnlẹ̀ káàkiri orí ọ̀sà, mo tún kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó gbé ọwọ́ náà lé mi lórí, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní í sọ fún ọmọ rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Kì í ṣe tìẹ o. Bá mi gbé e dè é."

Mo ní ó dáa, Ìyá. Mo sunkún lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, òun ò sunkún.

Ìyá náà kú kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Inú yàrá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n sin ín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ti ní kí wọ́n má sin òkú sínú ilé mọ́. Gbogbo ará Aguégué àti Calavi ló wá, wọn ò yà síbì kankan lọ́nà, nítorí pé òkú nìkan ni wọ́n ń tètè lọ kí.

Ọkọ mi padà dé nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ gbé e sórí wáfù pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ láti ìdájí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá. Kò bi mí léèrè ìyá rẹ̀, ó ti gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní kí a lọ sí Àjàṣẹ́. A wọkọ̀, ó sọ fún atukọ̀ pé kó má yà síbì kankan.

Ní Aguégué, àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà rí wa, wọ́n jáde síta, wọ́n ń pè wá. Ẹnu mi ti ń là láti sọ ọ́, pé bí a bá ń darí bọ̀. Mo pa á dé. Ọkọ mi wo iwájú, ọ̀pá atukọ̀ kò dúró, ohùn wọn ń kéré lẹ́yìn wa títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa wa nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́.

Nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n sin ín sí. Níbi tí mo ti wá, obìnrin kì í gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ lórí. Mo gbé e lé e. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún mi létí òkun, gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ ibi tó ti ní kó tètè dé.

Nígbà tí a jáde sí àgbàlá, ó gbójú sókè wo oòrùn.

Ó ní, "Ṣé bí Àjàṣẹ́ ṣe súnmọ́ Kútọnu tó nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ̀ ni.